Aró Àná Kọ́ Ni Aró Òní

Àwọn àbúrò bàbá mi ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ pín níbi àdúà ogójì ọjọ́ bàbá àgbà mi. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbà, ìdí tí mo fi gbà á á hàn níwájú. Ibi tí wọ́n bí i sí, ọdún tó lọ sí Mẹ́kà, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sílẹ̀, àwọn àgbà á kọ ìyẹn. Ohun tí èmi fojú rí nínú yàrá iwájú ilé wa ni mo máa kọ, mi ò sì ní fi iyọ̀ sí i. Òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Gbogbo Igbó-Ọrà mọ̀ ọ́n sí Bàbá Láàbù. Ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sóko, òun kò lọ. Ó sọ yàrá iwájú di yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe níbẹ̀: wíwọn fítámì inú omi ọsàn, omi kajú àti àwọn ewé tí àwọn èèyàn ń sá gbẹ láti tà.

Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé idán ni. Bàbá ní oògùn aláwọ̀ kan, búlúù ni, aró la máa ń pè é. Á da omi ọsàn díẹ̀ sínú ife, á wá jẹ́ kí aró náà máa kán sí i lẹ́kán-lẹ́kán láti inú ọ̀pá gíláàsì tó ní ìlà lára. Fítámì inú ọsàn á máa jẹ aró náà, àwọ̀ rẹ̀ á máa pa rẹ́. Nígbà tí fítámì bá tán, ẹ̀kán kan á bọ́ sílẹ̀, kíkan ọsàn á mú kí inú ife pọ́n díẹ̀, kò sì ní pa rẹ́ mọ́. Ibẹ̀ là ń dúró. A ó wo iye aró tó ti lọ, ìyẹn la ó fi ṣírò iye fítámì tó wà nínú ọsàn.

Kì í wọn ohunkóhun lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ló ń pè ní Táyé, ìkejì ni Kẹ́hìndé. Bí àwọn méjèèjì bá jọra, iṣẹ́ parí. Bí wọn ò bá jọra, a ó pe Ìdòwú, ìyẹn ìwọ̀n kẹta, kó wá là wọ́n níjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ìgàngàn wá wò ó máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé torí pé Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ni ibí. Òun kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á tún ìgò dì, á ní, “Òǹkà tó bá dá wá, a ò tíì mọ bàbá rẹ̀.”

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣe irú ti òde òní. Èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí àpótí, ó sì máa ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Láti inú ìwé kan tí kò ní ẹ̀yìn mọ́ ni Bàbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó ń bá wa ṣe ìṣírò. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní èèpo ewé, kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bó bá tún ìlà kan ṣe, á fi báírò pupa kọ ọjọ́ tó tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ìlà mọ́kànlélógójì ni ètò náà. Mo mọ̀ wọ́n tán.

Ìbéèrè tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà náà, Yorùbá ni. Bí a bá tàn án, á kọ́kọ́ kí wa: “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Á ní, “Kí ni agbára aró lónìí?” Á ní, “Kí ni Táyé wí? Kí ni Kẹ́hìndé wí?” Lẹ́yìn tó bá ti gbé èsì jáde, á ní, “Ó tán. Ọlọ́run ló mọ̀ jù.” Ẹ̀rọ náà kò lè kọ àmì ohùn. Èmi ni mo fi àmì sí i níbí.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dá ìjà sílẹ̀. Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan, Ààfáà Yísà, ilé kejì sí wa. Ó wá gba èsì ewé kan lọ́jọ́ kan, ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀mí, tí kò kírun, kí ló da òun àti Ọlọ́run pọ̀? Bàbá ní ẹni tó máa ka èsì náà ni òun kọ ọ́ fún, kí ó lè rántí pé ẹ̀rọ náà lè ṣì í. Ààfáà ní kó pa á rẹ́. Bàbá kò pa á rẹ́. Jímọ̀ méjì ni wọn ò fi jókòó pọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa parí rẹ̀, Ààfáà ló wá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ti ń gba ààwẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀rọ ò níwà, Yísà. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ló níwà.”

Òun àti Ìyá àgbà náà máa ń jà, fíríìjì ni ìjà tiwọn. Fíríìjì kan ṣoṣo la ní, aró ló wà nínú rẹ̀. Bí Ìyá àgbà bá ti ìlú Tápà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, á gbé ẹja rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò aró, Bàbá á gbé ẹja jáde, Ìyá àgbà á gbé e padà. Bàbá ní òórùn ẹja kò ṣe aró ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ṣíṣí ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà ń gbé ooru wọlé. Ìyá àgbà ní ó ti yé òun, aró ni ìyáálé òun nínú ilé yìí. Ó ní, “Ẹ sọ fún un kó jáde wá se ọbẹ̀ alẹ́ yìí fún yín.” Bàbá gbé ẹja náà padà sínú fíríìjì fúnra rẹ̀.

Èmi wá sọ́dọ̀ wọn lọ́dún tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, nígbà tí bàbá mi kú. Bàbá àgbà kò bi mí ohun tí mo fẹ́ dà. Ó fún mi ní aṣọ funfun kan tó tóbi jù fún mi, ó pè mí ní oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, ó ní kí n wá fọ gíláàsì. Mo fọ gíláàsì fún oṣù mẹ́fà kó tó jẹ́ kí n wọn nǹkan. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ mi, ti aró ni. Aró náà kì í pẹ́ bàjẹ́, ooru ń pa á. Nítorí náà, láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ọsàn ẹnikẹ́ni, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn aró náà fúnra rẹ̀. A ó bu lúúlú fítámì, ìyẹn fítámì gidi tó rí bí ìyẹ̀fun, díẹ̀ nínú ìgò kan, a ó gbé e sórí ìwọ̀n kékeré, a ó kọ iye tí a bù àti ọjọ́ sórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà, a ó wá wo bí aró ṣe pọ̀ tó tí lúúlú náà lè jẹ. Ìyẹn ni agbára aró. Bí ìdajì wákàtí ló ń gbà.

Mo bi í nígbà kan pé ṣé dandan ni lójoojúmọ́. Ó mú mi jókòó. Ó ní bí agbára aró bá ti dín, púpọ̀ rẹ̀ ló máa wọlé kí ife tó pọ́n, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé fítámì ló pọ̀. Omi lásán á dà bí oúnjẹ lójú rẹ̀. Ó fi ìka kan ìgò náà, ó ní, “Aró àná kọ́ ni aró òní.” Ó pẹ́ tó fi ń sọ ọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í kí i.

Nítorí pé iná wa kì í dúró, ó fi nǹkan kan sínú ètò náà. Bí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, tó sì dé padà, a ò ní láti kọ agbára aró lẹ́ẹ̀kejì. A kàn máa tẹ bọ́tìnnì Ẹ́ńtà láìkọ òǹkà kankan, ètò á sì mú èyí tó lò gbẹ̀yìn. Àánú ló fi ṣe é. Inú àánú yẹn ni mo gbà ṣẹ̀ ẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Àwọn obìnrin kan ní Ìdèrè kó ara wọn jọ, wọ́n ń fún omi ọsàn sínú ìgò. Ìyá Mukáílà ni olórí wọn. Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lókun ní Ìbàdàn fẹ́ máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí ìwé tó sọ pé fítámì inú rẹ̀ tó. Ọjọ́ Àlàmísì kan ni Ìyá Mukáílà gbé ìgò mẹ́ta wá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá ti lọ sí Èrúwà lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

Iná ti lọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Fíríìjì ti gbóná bí àpótí aṣọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ń sọ ọmọ lórúkọ ní Tápà, ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fọn fèrè. Mo wọn Táyé, mo wọn Kẹ́hìndé, wọ́n jọra. Ètò béèrè agbára aró. Mo wo aago. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo tẹ Ẹ́ńtà.

Ó mú ti ọjọ́ Mọ́ńdè. Èsì tó gbé jáde dára, ó ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Mo lu òǹtẹ̀ Bàbá lé e, mo gbé e fún Ìyá Mukáílà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n jẹun ọmọ. Mo bọ́ sínú ọkọ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, iná ti dé. Bàbá rí ìgò ọsàn kan tó ṣẹ́kù, ó po aró tuntun, ó wọ̀n ọ́n. Òǹkà rẹ̀ kéré gan-an sí èyí tó wà nínú ẹ̀dà ìwé. Ó ní òru kan kò lè jẹ fítámì tó bẹ́ẹ̀. Ó pè mí. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é, mo ní bí mo ṣe máa ń ṣe é náà ni. Ó bi mí pé ṣé mo wọn aró. Mo ní mo wọ̀n ọ́n.

Ó wò mí. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí i. Ó wá ní, “A jẹ́ pé ètò tí mo kọ ló láṣìṣe.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ dúró sílé. Nínú ọgbà Ìyá Mukáílà, ìgò òfìfo ni wọ́n tò jọ dé ògiri, àwọn obìnrin náà ń fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú náà sì ti ní kí wọ́n máa kó ọsàn bọ̀. Bàbá kò jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ní ìwé tí òun fún wọn kò tọ̀nà, òun wá gbà á padà. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ló ṣe àṣìṣe.

Ìyá Mukáílà kò pariwo. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Bàbá, wọ́n ti gbà á. Ẹ kàn dákẹ́. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi mọ̀, Ìyá Mukáílà.”

“Ọsàn kì í ṣe májèlé. Kò ní pa ọmọ kankan.”

“Kò ní pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n á gbé oògùn rẹ̀ kúrò nítorí pé ìwé mi ní ọsàn tó.”

Obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò ní, “Ẹ̀rọ tó ń parọ́, òun ni Bàbá gbé sílé.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi wà nídìí ọ̀kadà, mo di ìgò ọsàn tó ṣẹ́kù, tí a gbé bọ̀, mú. Bàbá gba ìwé náà, ó ká a sínú àpò agbádá rẹ̀. Ohun tó sọ kó tó yí padà ni, “Ọmọ tó máa mu ún ò lè ṣe ìṣírò. Àwa la ó bá a ṣe é.”

Bàbá ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú náà, ilé náà kò sì gba ọsàn àwọn obìnrin náà mọ́. Fún ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ẹ̀rọ Onírọ́ ni wọ́n ń pè é ní Ìdèrè. Àwọn ọmọ pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi. Àwọn tó ń gbé nǹkan wá láti ibẹ̀ kò wá mọ́, díẹ̀díẹ̀ àwọn ará ibòmíràn náà dín kù. Bàbá kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Mukáílà á wà níbi àdúà náà, wọ́n á sì fún un ní ìwé yìí. Torí rẹ̀ ni mo fi gbà láti kọ ọ́. Màmá, ẹ̀rọ kò parọ́ fún yín. Èmi ni.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí mi ò wọn aró. Kódà bí iná bá lọ tó dé, mo máa ń kọ agbára aró lẹ́ẹ̀kejì, mi ò tẹ Ẹ́ńtà lásán mọ́ láéláé. Bàbá rí i bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, á gbé ìwé èèpo ewé náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á ṣí i, á máa wo àwọn ìlà ètò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé àṣìṣe ló ń wá, àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, ó máa ń gbé ìwé náà sún mọ́ imú. Ìrora tó wà nínú wíwo ẹni tó ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí mo bá gbé omi fún un, á ní, “Àbẹ̀kẹ́, kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?” Mo máa ń ní kò sí, Bàbá. Á ní, “Ó dáa. Mo ṣì wà níbí.”

Ó bi mí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé ṣé aró wà nílẹ̀. Mo ní ó wà. Ó ní ṣé mo ti wọ̀n ọ́n. Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n, òtítọ́ sì ni lọ́jọ́ yẹn. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ wọlé, mo dìde láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a sì sin ín kí Àsárì tó pé. Ó yá jù. Kò sí ẹni tó lè sọ nǹkan fún òkú láàrin àwọn èèyàn tó pọ̀ tó yẹn.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà tí àlejò ti lọ, mo wọ yàrá náà lówùúrọ̀. Ìyá àgbà ti da aró nù, ó ti fọ fíríìjì mọ́, ẹja rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó gbé e jáde. Ó ti sunkún lórí ẹja náà, mo gbọ́ ọ. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ wọ̀n. Ohùn Bàbá ni mo fẹ́ gbọ́, inú ètò yẹn nìkan ló sì kù sí. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó kùn. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó ní, “Kí ni agbára aró lónìí?” Mi ò ní òǹkà kankan láti fún un. Mo tẹ Ẹ́ńtà, kí ó lè bi mí nípa Táyé àti Kẹ́hìndé.

Kò bi mí nípa wọn. Ohun tí mi ò rí rí ló jáde lójú rẹ̀:

“Lọ wọn aró, Àbẹ̀kẹ́. Mo ń dúró.”

Mo gbé ìwé èèpo ewé náà. Mo ka àwọn ìlà ètò, mo tún wọn kà. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ìlà méjì tuntun náà wà láàrin, ọjọ́ tó kọ wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú báírò pupa. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni. Kí a tó lọ sí Ìdèrè. Mo wá rántí ìwé ara ìgò lúúlú, tí a máa ń kọ ọjọ́ sí. Bàbá ti wò ó. Kò sí Àlàmísì níbẹ̀. Ó ti mọ̀ kó tó gun ọ̀kadà, kó tó sọ pé òun ni, kí wọ́n tó fi í rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wá àṣìṣe kankan.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ náà bí mo ṣe máa ń dúró níwájú Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ sókè: “Bàbá, èmi ni. Mi ò wọn aró.”

Àmì kékeré tó wà níwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń retí òǹkà. Mo dìde, mo ṣí fíríìjì. Kò sí aró kankan nílẹ̀ tí mo lè wọ̀n fún un.